Kábínẹ́ẹ̀tì Tí Àbúrò Mi Padà Lọ Gbé

Áńpù mi àkọ́kọ́, orí èèyàn ló fọ́ ọ. Mi ò fi ṣàwàdà o. Níbi ìgbéyàwó kan ní Logan Town, ní Monrovia níbí ni, ní ọ̀sán gangan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin kejì ni àbúrò ọkọ ìyàwó àti ọkùnrin kan tó bá ẹbí ìyàwó wá bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ọtí gbà lọ́wọ́ ara wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀kan ti gbé ìkejì sókè, ó sì fi orí ẹ̀ lu ojú áńpù mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá mi jáde. Sípíkà ya, pákó tó yí i ká là sí méjì, ọkùnrin náà sì jókòó sáàárín wáyà, ẹ̀jẹ̀ ń gba imú àti ẹnu ẹ̀ jáde, ó wá ń bi mí bóyá mo ní omi. Omi kẹ̀! Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n fi jìtá ọwọ́ mi parí iṣẹ́ tí ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀. Áńpù yẹn ni mo fi ń jẹun.

Obìnrin tó ń ta jìtá béèsì ni mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bàbá wa ló bá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun wá sí Monrovia. Kì í ṣe sójà, mẹ́káníìkì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ni. Nígbà tí àwọn yòókù padà sílé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó ránṣẹ́ pe ìyá wa àti èmi tí mo ṣì kéré, ìhín ni wọ́n sì bí àbúrò mi ọkùnrin sí. Yorùbá la ń sọ nínú ilé, òun náà la ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ará Nàìjíríà ló dá ìjọ wa sílẹ̀. Bí a bá ti jáde sígboro, ó di òyìnbó àwọn ará ibí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo ti kọ́ béèsì, ibẹ̀ náà ni àbúrò mi ti kọ́ dírọ́ọ̀mù. Tí ìsìn bá ti parí, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sóde: ìgbéyàwó, ìkẹ́kọ̀ọ́yege, ìsìnkú, ibi tí wọ́n bá ṣáà ti pè wá sí.

Kò sì sí ibi tí wọn kì í ti í jà. Mo ti rí ìgò tó fò kọjá létí olórin wa tó lọ fọ́ mọ́ ògiri. Níbi ìsìnkú kan, àwọn ọmọ olóògbé fi àga fọ́ ara wọn lórí, pósí bàbá wọn ṣì wà láàárín wọn. Kì í ṣe pé ojo ni mí. Èmi náà mọ̀ ọ́n jà, ìyá wa máa ń sọ pé ọwọ́ mi máa ń ṣáájú ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ní òfin tiẹ̀: bí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀, kó irinṣẹ́ ẹ, kó o sá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn áńpù tí wọ́n ń pè ní kóńbò. Inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹ̀rọ àti sípíkà. O fa wáyà yọ, o gbé e lọ́wọ́ kan, o ti dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní hẹ́ẹ̀dì àti kábínẹ́ẹ̀tì: ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ọ̀tọ̀ ni àpótí sípíkà gàgàrà, wáyà kan tún so wọ́n pọ̀ láàárín. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ṣeré níbi tí wọn kì í ti í sá eré.

Àbúrò mi ò gbà. Ọjọ́ tí a lọ ra òmíràn ní ọjà Red Light, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò orin àlòkù, ọkùnrin náà gbé méjèèjì síwájú wa. Kóńbò kan wà níbẹ̀ tó mọ́ tónítóní, mo ti gbé e wò, ó fúyẹ́, ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì àti kábínẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Sípíkà mẹ́rin ló wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ó sì wúwo bí àpò ìrẹsì.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ni àbúrò mi wí, "kóńbò yìí ò lè sọ̀rọ̀ níwájú dírọ́ọ̀mù mi. Nínú yàrá ló wúlò. Tí a bá dé ìta gbangba, afẹ́fẹ́ ló máa gbé e jẹ."

Mo ní, "Ìgò tí wọ́n bá jù sí mi ò ní béèrè bóyá ohùn mi dún."

"Tí hẹ́ẹ̀dì bá bàjẹ́, kábínẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Tí kábínẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, hẹ́ẹ̀dì ṣì wà, a ó yá àpótí ẹlòmíràn lò. Kóńbò tí wọ́n fi orí èèyàn fọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ rí nǹkan kan mú nínú ẹ̀?"

"Ta ló máa padà lọ gbé ìkejì nígbà tí òkò bá ń fò?"

"Èmi!" Ó gbá àyà ẹ̀ pàá. "Èmi ni màá máa gbé kábínẹ́ẹ̀tì títí ayé. Ẹ̀yin ẹ ṣáà gbé hẹ́ẹ̀dì yín. Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín tí ẹ̀ ń fi kóńbò bojú?"

Ẹ̀rù! Èmi! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fọ́ ọ létí, láàárín Red Light, níwájú oníkẹ̀kẹ́ àti alágbàrù. Àwọn èèyàn yíjú. Ọkùnrin tó ti lé lógún ọdún, tó níyàwó nílé! Àbúrò mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó kàn yí èkejì sí mi, ó ní, "Ẹ gbá eléyìí náà, Àǹtí, ká ṣáà ra kábínẹ́ẹ̀tì." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? A ra hẹ́ẹ̀dì àti kábínẹ́ẹ̀tì.

Mi ò ní purọ́, ohùn ẹ̀ dára. Sunday àkọ́kọ́ tí a lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, gíláàsì fèrèsé ń ké, màmá àgbà kan ní ìlà iwájú gbá àyà ẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ má pa wá!" Béèsì mi tí mo ti ń ta láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa. Mo bojú wẹ̀yìn wo àbúrò mi. Ó ń lu dírọ́ọ̀mù, ó ń fi ojú sọ fún mi pé ṣé mo ti rí i báyìí. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Bó ṣe wí náà ló sì ṣe. Gbogbo òde tí a bá lọ, òun ló ń gbé kábínẹ́ẹ̀tì, orí ló ń rù ú sí, tówẹ́ẹ̀lì gbígbó ló fi ń ṣe òṣùká. Wáyà tó ń so méjèèjì pọ̀, ọrùn ló máa ń kọ́ ọ sí bí ẹni wọ ṣéènì, kó má baà gbàgbé ẹ̀ síbì kan. Èmi á gbé hẹ́ẹ̀dì sí abíyá, jìtá á wà lẹ́yìn mi nínú àpò ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa wò wá. Ó máa ń sọ fún wọn pé àpótí ìyàwó òun lòun rù.

Òde tí wọ́n pè wá sí ní Duala, àdúgbò kan ní Monrovia níbí, dé. Ìkẹ́kọ̀ọ́yege ọmọbìnrin kan ni, wọ́n ṣe é nínú ọgbà kan tó fẹ̀yìn ti ọjà, lọ́sàn-án Sátidé. Ọgbà náà ní géètì méjì: ti iwájú kọjú sí títì, ti ẹ̀yìn já sínú ọjà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́èédú. Wọ́n ti to dírọ́ọ̀mù sílẹ̀ dè wá, nítorí náà hẹ́ẹ̀dì, kábínẹ́ẹ̀tì àti jìtá nìkan la gbé wá. A ṣeré, wọ́n jó, inú gbogbo èèyàn dùn. Ìrẹsì ló bà á jẹ́. Ó tán kí ó tó kan àwọn ọ̀dọ́ kan tó dúró lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn wá síbi ìkòkò, ó ní òun fẹ́ wo ìdí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ fi ṣíbí ìkòkò gbá a láàárín orí, gbàgà! Ọ̀dọ́ náà gbé ìkòkò náà lódindi, ó sì yí i dé bàbá náà lórí.

Ó di bó ò lọ, yà fún mi. Ìgò ń fò, àga ń fò, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń fi ìdì igi ìdáná gbá ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹnu ìgò tó ti fọ́ fà lára láti etí dé àgbọ̀n. Ó fi ọwọ́ di ojú ẹ̀ mú bí ẹni tí kò fẹ́ kó já bọ́. Mo fa wáyà hẹ́ẹ̀dì yọ, mo gbé e mọ́ àyà, mo ju jìtá sínú àpò, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Àbúrò mi fò kọjá lórí dírọ́ọ̀mù, ó dì mí mú léjìká, ó ń fi ara ẹ̀ dí mi bí a ṣe ń la àárín wọn kọjá. Àga kan bà á lẹ́yìn. Kò wẹ̀yìn. A jáde ní géètì iwájú, a sọdá títì, ó tì mí wọ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ẹ dúró síbí, Àǹtí. Kábínẹ́ẹ̀tì mi."

Mo di aṣọ ẹ̀ mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi dáná, kò kàn mí. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ẹ́. Ó já aṣọ ẹ̀ gbà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbé e, ẹ má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo." Ó sáré padà wọlé.

Mo dúró. Àwọn èèyàn ti dí géètì iwájú pa, wọ́n ń tú jáde, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpótí ńlá sórí ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ń wo gbogbo orí tó ń jáde, mi ò rí kábínẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ọgbà, láti inú ọjà: "Róògù! Róògù!"

Orúkọ tí wọ́n ń pe olè ní Monrovia nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ igbe yẹn, ó mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kú. Olè ti kó nǹkan àwọn ará ìlú títí, ó ti sú wọn, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo títì kọrí síbẹ̀. Ó ti yé mi kí n tó gbé ẹsẹ̀: àbúrò mi ti gba géètì ẹ̀yìn jáde, àwọn ará ọjà gbọ́ pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú ọgbà, wọ́n sì rí ọkùnrin tó ń sáré jáde níbẹ̀ tòun ti àpótí sípíkà lórí. Èmi gan-an, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, olè ni màá pè é.

Mo sáré. Kábínẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ rí, ó dojú dé sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹsẹ̀ àbúrò mi láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, bàtà kan ti bọ́. Wọ́n ń lù ú bí ẹni lu ejò. Obìnrin kan bọ́ bàtà ẹ̀, ó ń fi gbá a lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì mú pákó tí ìṣó ṣì wà lára ẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, kò kánjú rárá. Ẹlòmíràn gbé bulọ́ọ̀kù, ó sọ ọ́ lu apá ọ̀tún ẹ̀, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe kán. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, mo gbọ́ ọ o. Ẹnì kan ń ké pé kí wọ́n mú táyà wá, kí wọ́n mú pẹtiróòlù wá. Mo rí táyà náà tí wọ́n ń yí i bọ̀.

Mo gbé hẹ́ẹ̀dì ka orí tábìlì obìnrin ẹlẹ́èédú kan, mo bẹ́ sáàárín wọn. Mo na obìnrin oníbàtà yẹn ní ẹ̀ṣẹ́, ó ṣubú lulẹ̀. Mo gé apá ọkùnrin kan jẹ títí eyín mi fi wọnú ẹran. Mo dojú bolẹ̀ lórí àbúrò mi, pákó oníṣòó yẹn sì ba jìtá tó wà lẹ́yìn mi. Jìtá ló gbà á fún mi. Òyìnbó wọn ni mo fi ń ké: "Da my brother! Da my own thing! Àbúrò mi ni, èmi ni mo ni ín!"

Ọlọ́kadà gìrìwò kan tó dé akoto ló gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ èmi ni mo ni àpótí yẹn. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ni mo fi ń ṣe. Mo ní béèsì ni mò ń ta. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí mo nà dìde, ó ní obìnrin wo ló ń ta béèsì, pé olè làwa méjèèjì, kí wọ́n jọ sun wá pọ̀. Táyà ti dé, wọ́n gbé e sílẹ̀ níbi orí àbúrò mi.

"Tó bá jẹ́ tìẹ ni," ni ọlọ́kadà yẹn wí, "ta á ká gbọ́. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n ta, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́."

Ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan wà níwájú ibẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Agẹrun náà ò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun, ó ti na wáyà iná jáde sí mi. Ó gbé kábínẹ́ẹ̀tì dìde fún mi, mo gbé hẹ́ẹ̀dì lé e. Ó wá ku wáyà tó so wọ́n pọ̀. Ọrùn àbúrò mi ló wà. Ẹnì kan ti fi wọ́ ọ nílẹ̀, ó ti fún mọ́ ọn lọ́rùn, awọ ibẹ̀ ti bó. Mo kúnlẹ̀, mo ń tú u, ọwọ́ mi ń yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Mo pe orúkọ ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wú dí pátápátá, ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo tún un pè. Wọ́n ń ké lé mi lórí pé kí n ṣe kíá.

Mo tan iná sí i, mo fa jìtá yọ. Pákó ti yẹ okùn ẹ̀ kan, ó ti dẹ̀. Mo ta á, ó dún gbàùn, kò jọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn kùn. Onípákó sún mọ́ àbúrò mi. Ọpọlọ mi ṣófo, mi ò rántí orin kan nínú gbogbo orin tí mo mọ̀ láyé mi. Ìgbà náà ni inú bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe ìgbàgbọ́, kì í ṣe ìgboyà, ìbínú ni. Mo fa okùn náà le, mo bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn kan tí a máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo Monrovia mọ̀, mo sì ń fi ìka na okùn bí mo ṣe fẹ́ na ojú wọn.

Sípíkà kan nínú mẹ́rin ti ya, ó ń ṣe gáragàra. Àwọn mẹ́ta yòókù ló sọ̀rọ̀. Páànù ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Ariwo lọ sílẹ̀. Mo rí bí ojú wọn ṣe yí padà lójú mi, bí ẹni tó jí lójú oorun. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Òmíràn gbà á. Obìnrin oníbàtà yẹn, bàtà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí. Onípákó lóṣòó, ó fi pákó lu táyà tí wọ́n gbé wá sun àbúrò mi, ó ń lù ú sí orin mi, gbà-gbà-gbà. Ó sì mọ̀ ọ́n lù. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn: kò sáré jù mí, kò sì fà sẹ́yìn.

Mo fẹ́ dúró. Mo ti ta á tó, wọ́n ti gbọ́. Àmọ́ mo wo ẹ̀yìn wọn, mo rí i tí agẹrun àti obìnrin ẹlẹ́èédú ń wọ́ àbúrò mi díẹ̀díẹ̀ lọ síbi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Agẹrun ṣẹ́jú sí mi pé n má dúró. Ó yé mi. Bí orin bá dákẹ́, wọ́n á yíjú, ẹnì kan á sì rántí ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo kúkú ta á. Mo ta á bí mi ò ṣe ta á rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì ta á bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Mo fi ẹ̀rín sójú, ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín sí àwọn apààyàn, mo ń mi orí sí wọn pé ẹ jó, ẹ jó. Wọ́n jó. Mo ń wo ẹsẹ̀ àbúrò mi tó yọ síta kẹ̀kẹ́ títí kẹ̀kẹ́ náà fi yí igun.

Nígbà tí mo dúró, wọ́n hó yèè. Ọlọ́kadà yẹn na ọwọ́ sí mi láti bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo gbóná, ó ní kí n má bínú, àṣìṣe ni. Mo tutọ́ sí i lójú. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó gun ọ̀kadà ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù náà tú ká. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, wọ́n ti ń ná èédú.

Kò kú. Mo dúpẹ́, mi ò ní ṣaláìdúpẹ́. Apá ọ̀tún ẹ̀ kán níbi méjì, dókítà sì sọ fún wa pé ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ò ní lè yí bíi tàtijọ́ mọ́. Etí òsì ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn ará ìjọ wá sí ọsíbítù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Pásítọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdáríjì, mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lónìí, màá sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ." Ó fi í sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó ṣeun fún ìyẹn.

Àbúrò mi ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ àfi èmi. Ó ń bá ìyàwó ẹ̀ ṣàwàdà, ó ń bá ìyá wa jà lórí oúnjẹ. Tí mo bá wọlé, á di ojú. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrora ni. Nígbà tó yá, ara mi ò gbà á mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó ku àwa méjì, mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo ní, "Kí ni mo fi ṣe ẹ́? Sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ti ìgbájú Red Light ni, dìde kó o gbá tèmi."

Kò rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, mo gbọ́ yín. Mi ò ríran, mi ò lè gbéra, ṣùgbọ́n etí mi wà nílẹ̀, mo sì gbọ́ tí béèsì yín bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kò sẹ́lòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń jó. Mo ní, háà, Àǹtí mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, wọ́n ti rí onídírọ́ọ̀mù míì."

Mo pariwo. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó tún padà. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí táyà dé orí kẹ̀kẹ́, pé nítorí ẹ̀ ni, pé bí mo bá dákẹ́ wọ́n á pa á. Mo ń sunkún, mo ń gbá bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ mi tán.

"Mo mọ̀," ló wí. "Agẹrun yẹn ti wá kí mi, ó ti sọ fún mi. Mo gbà á gbọ́." Ó yíjú sí mi. "Ta ló ń lu nǹkan yẹn tẹ̀lé yín?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní ọkùnrin tó mú pákó ni.

Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n lù." Lẹ́yìn náà ló yí orí ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́, lé ìrọ̀rí. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sì gbọ́ mi mọ́.